Bẹ́ẹ̀dì Tí Fúnṣọ́ Rà Fún Ojú Àlejò

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan ní Òkukù, Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, wọ́n di ọ̀pá mú, wọ́n sì rìn dé ìdí póò fúnra wọn. Ọmọ́dára, ọmọ wọn obìnrin tó ń tọ́jú wọn, fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Látìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú ìyá rẹ̀ lápá òsì, kò ní àdúrà mìíràn ju kí wọ́n padà máa dá rìn lọ.

Ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ ló kù tó ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀dì náà kò ga, ojoojúmọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wẹ̀ fún wọn. Nọ́ọ̀sì Olúwaṣìkẹ́mi, tó ń ti Ìnísà wá wo Màmá, ti bá a sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, bẹ́ẹ̀dì tó ń lọ sókè sódò lẹ nílò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wẹ̀ fún Màmá, ẹ gbé e sókè kó bá ìbàdí yín dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá ti ṣe tán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lè kan ilẹ̀. Apá ibi orí náà á ṣeé gbé sókè tí wọ́n bá ń jẹun, kí oúnjẹ má bàa há wọn lọ́fun. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ni kẹ́ ẹ wá o, torí iná wa yìí. Kó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí táyà ẹ̀ ní bíréèkì. Ọ̀kan tiẹ̀ wà ní Ìnísà tí wọn ò lò mọ́."

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Ọmọ́dára pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fúnṣọ́, ní Ìkìrun. Fúnṣọ́ yìí, ọ̀gá ṣekárími, kò pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ rí.

"Àlòkù?" ló fi igbe ta. "Èyí tí wọ́n ń yí bí ẹni ń lọ ata? Kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá bá ìyá èmi Fúnṣọ́ lórí irin jákujàku? Má dójú tì mí o!"

Àfi bó ṣe kó èrò dé lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi náà, òun àti bẹ́ẹ̀dì oníná ràgàjì kan. Ẹnu ọ̀nà ò gbà á, wọ́n ní láti yọ férémù ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Fúnṣọ́ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nínú páálí, ó ń jẹ́ kó jọ ti ọsibítù. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ síta, wọ́n ju fóòmù ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé Màmá sórí tuntun, Fúnṣọ́ tẹ rìmóòtù, ó gbé wọn lọ sókè téńté, ó ní kí wọ́n máa ya fọ́tò. Ẹ wo àgbàlagbà! Ibẹ̀ niná ti lọ. Bẹ́ẹ̀dì ò lọ sókè mọ́, kò sì lọ sódò.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé Màmá sọ̀kalẹ̀ sórí fóòmù wọn," Ọmọ́dára bẹ̀ ẹ́.

"Sórí ilẹ̀? Lójú àlejò? Iná á dé. Lọ bu oúnjẹ fún àwọn èèyàn."

Ẹ̀gbọ́n ló sọ̀rọ̀, Ọmọ́dára gba ilé ìdáná lọ. Fúnṣọ́ náà jáde lọ gba oríyìn ní pálọ̀. Nígbà tí ìtọ̀ gbọn Màmá, wọ́n ṣe bí wọ́n ti ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Ilẹ̀ ò sí níbẹ̀. Gbì! Ọmọ́dára ju àwo sílẹ̀, ó sáré.

Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Ìkìrun ní egungun ìgbáròkó wọn ti kán.

"Iná ló fà á," ni Fúnṣọ́ wí. Kò tijú!

"Iná kọ́, ẹ̀yin ni," Ọmọ́dára dá a lóhùn tẹkúntẹkún. "Ojú àlejò lẹ rà á fún. Èmi náà tí mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu, mi ò lè dárí ji ara mi."

Màmá ò rìn mọ́ títí dòní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ fi irú ìwà rádaràda yìí sílẹ̀. Ẹni tó ń nu ìdí aláìsàn ni kẹ́ ẹ bi, kì í ṣe ẹni tó wá kí i. Kí aláìsàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì náà lójú yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ẹ̀ tólẹ̀. Tíná bá lọ, ṣé ẹ lè sọ ọ́ kalẹ̀? Tẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹ má rà á.