Adelé Àwọn Olúborí

Ère idẹ náà ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Hermance Valadier nígbà tí Anselme Queyras kọ́kọ́ rí i. Ó dúró lórí ìtàgé nínú kóòtù òtútù rẹ̀, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, irun rẹ̀ tú sí èjìká, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ fún ẹ̀bùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì hàn lójú rẹ̀. Síbẹ̀ ó wu Anselme débi pé ó gbàgbé ohun tó yẹ kó kà tẹ̀ lé e.

Adelé ni àwọn méjèèjì. Nínú oṣù Kejì ọdọọdún, kí wọ́n tó pín àmì-ẹ̀yẹ César fún àwọn onísinimá ní Paris, wọ́n máa ń ṣe ìdánrawò ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Àwọn gbajúmọ̀ kì í yọjú síbẹ̀, wọ́n wà nílé tí wọ́n ń tọ́jú ojú. Adelé kan á ya àpòòwé, á ka orúkọ èyí tó bá wù ú nínú àwọn tí wọ́n fà kalẹ̀, nítorí kò tíì sẹ́ni tó mọ ẹni tó borí. Adelé kejì á dìde, á gun ìtàgé, á sunkún díẹ̀, kí àwọn oníkámẹ́rà lè mọ ibi tí wọ́n máa kọjú sí. Lẹ́yìn náà, á dá ère padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá tí ẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà láyé?" Anselme bi í lẹ́yìn aṣọ ìtàgé.

"Èwo nínú wọn? Mo ti ní mẹ́rin lọ́sàn-án yìí."

"Ọkọ ńkọ́?"

"Méjì. Ọ̀kan lówó gan-an." Hermance wò ó láti òkè délẹ̀. "Ti òótọ́ ni ò sí. Ṣebí ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn?"

"Ìyẹn gan-an ni."

Kọfí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Hermance ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, Anselme ti kọjá a, wọn kì í ṣe ọmọdé tó ń sáré ìfẹ́. Síbẹ̀, kí ooru tó dé, "ẹ" ti di "ìwọ" láàárín wọn, Anselme sì ní kí àwọn ṣègbéyàwó.

Hermance ò gbà. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ lé e kúrò nílé ní Saint-Étienne nítorí iṣẹ́ òṣèré. Bàbá náà ní ọjọ́ tóun bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbi César ni kó padà wálé. Ọmọbìnrin náà búra pé òun ò ní lọ́kọ, òun ò ní padà sílé, àfi tí wọ́n bá pe òun lórí ìtàgé yẹn. Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì tó ń ṣílẹ̀kùn ló ń ṣe nínú fíìmù, tàbí òkú inú odò. Bàbá ti kú, àmọ́ ìbúra ò kú. Àánú obìnrin yìí ń ṣe mí.

Anselme fara dà á títí ó fi sú u. Ní ìdánrawò ọdún kẹta, ó ya àpòòwé, ó wo iwájú.

"Òṣèrébìnrin tó dára jù lọ lọ́dún yìí ni... Hermance Valadier!"

Hermance dìde, ó tiẹ̀ gbé ẹsẹ̀ bíi mélòó kan. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń tan iná ìtàgé bú sẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngàn gbà á, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́.

"O ṣeun, Anselme," ni Hermance wí. "O ti fi mí ṣe ẹlẹ́yà tán." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, Anselme gun àtẹ̀gùn ilé Hermance ní àdúgbò Belleville dé àjà karùn-ún.

"Wọlé, má jẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́ wa."

"Mi ò bá wọn rẹ́rìn-ín, ọkàn mi. Mi ò mọ ibòmíì tí mo lè ti pè ẹ́ tí wàá dáhùn."

Hermance ń ro ọbẹ̀ àlùbọ́sà. Ó yí iná rẹ̀ wálẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tó dùn mí? Pé mo dìde. Mo gbà á gbọ́. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò tiẹ̀ wo ère yẹn, ìwọ ni mò ń wò." Ó nu ojú. "Ó ti rẹ̀ mí, Anselme. Ìbúra yìí ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà. Àtẹ̀gùn ilé yín yìí nìkan tó pààyàn."

Ayẹyẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń fi ojú àwọn obìnrin tí wọ́n fà kalẹ̀ hàn. Láti ọjọ́ tí Hermance ti dé Paris, kò pa á jẹ rí. Ó mú rìmóòtù, ó pa tẹlifíṣọ̀n náà.

"O ò fẹ́ mọ ẹni tó máa gbà á?"

"Oníbúrẹ́dì á sọ fún wa lọ́la. Ọjọ́ wo ni méyọ̀ tó ń ṣàkóso àdúgbò yìí máa ń so ọkọ àti aya pọ̀?"

Anselme ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù rẹ̀. "Sátidé."

"Sátidé dáa. Jókòó, kí ọbẹ̀ má tutù."