Ẹni Tó Jókòó Lórí Okùn

"Àna mi, ṣé apá rẹ máa ká okùn yìí lónìí, àbí kí n lọ pe ìyá rẹ wá ràn ọ́ lọ́wọ́?"

Kandan ló ń fi Bellan ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, bó ṣe ń wé aṣọ mọ́ orí ní etí òkè. Bellan rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ìdánwò ńlá ti sún mọ́lé, Naveen tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà sì dúró nítòsí, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Oyin inú àpáta ni àwa Kurumba, ẹ̀yà orí òkè ní gúúsù Íńdíà, fi ń ra iyọ̀ àti aṣọ, òun náà la sì fi rán Bellan lọ sí ilé-ìwé ní ìlú Kotagiri. Ọkùnrin a gba orí àkàbà tí a fi ìtàkùn hun sọ̀kalẹ̀ lójú àpáta, níbi tó jẹ́ pé òfuurufú nìkan ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí yóò máa ṣọ́ okùn àkàbà náà lókè kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Arákùnrin ìyàwó rẹ̀ ni. Àwọn baba wa ti rò ó dáadáa kí wọ́n tó fi lélẹ̀: ọmọ ìyá ẹni lè máa wo ilẹ̀ ẹni tìlara-tìlara, ṣùgbọ́n ta ni yóò fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun di opó?

Láti ọjọ́ tí Kandan ti fẹ́ Maasi, ẹ̀gbọ́n Bellan, ni Bellan ti ń ṣọ́ okùn fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, kí wọ́n tó lọ sí etí òkè, Maasi gbé ọmọ pọ̀n, ó ń bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì.

"Bellan, mo ti fi í lé ọ lọ́wọ́ o."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojoojúmọ́ lẹ máa ń sọ ọ́."

"Màá sì tún sọ ọ́ lọ́la. Jẹun, jàre."

Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sí orí òkè wa. Mánéjà ibẹ̀, tó jẹ́ bàbá Naveen, wá jókòó sórí ẹní lọ́dọ̀ wa. Ó ní àlejò yóò máa wá wo bí a ṣe ń kó oyin, wọn yóò máa rà á lọ́wọ́ wa níbẹ̀, kò ní sí alágbàtà mọ́. Ó ní ọ̀nà yóò dé, iná yóò dé, àwọn ọmọ wa yóò sì ríṣẹ́. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ebi kì í jẹ́ kí èèyàn pẹ́ kó tó gbàgbé. A gbà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí a má ṣe so àkàbà mọ́ igi ńlá tí a ti ń so ó mọ́ látijọ́, nítorí ọkọ̀ àlejò kò lè débẹ̀. Kí a so ó síbi tí wọ́n kọ́ fún ìwòran. Kò sí igi kankan níbẹ̀. Ọ̀pá irin gbọọrọ kan ni wọ́n rì mọ́ kọnkéré.

Nígbà tí a débẹ̀ lọ́jọ́ náà, Kandan fọwọ́ pa irin náà. "Ó ń yọ̀. Ìtàkùn kì í di irin mú bó ṣe ń di èèpo igi mú."

"Irin yìí lè gbé ọkọ̀ akẹ́rù dúró!" ni mánéjà wí.

"Irin ò ní já, ọ̀gá. Kókó okùn ni mò ń sọ." Ó yíjú sí Bellan. "Bí ìwọ bá jókòó lórí okùn, tó o fẹsẹ̀ ti irin, kò ní yọ̀. Ṣé wàá jókòó?"

"Màá jókòó."

"Bí oyin bá ta ọ́ nímú ńkọ́?"

"Màá jókòó."

"Bí ọmọge bá kọjá ńkọ́?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bellan jókòó lórí okùn, Kandan gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, ó sì ń lọ. Ó ń kọrin bẹ àwọn oyin bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó ń pè wọ́n ní àna rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe.

Naveen gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò jáde, èyí tó ń ya àwòrán látojú ọ̀run. Ó ń wò ó nínú fóònù rẹ̀. "Bellan, wá wo àna rẹ! Ó dà bí aláǹtakùn."

"Mi ò lè dìde."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n so ọ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ ni?"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Ojú ti Bellan, ó wo ilẹ̀. Mánéjà náà súnmọ́ ọn. "Ọmọ, kúrò níbẹ̀ díẹ̀, o ń dí àwòrán lọ́wọ́. Ṣebí wọ́n ti so okùn náà? Irú ìwọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì là ń wá láti máa mú àlejò káàkiri. Wá ṣàlàyé fún wọn, kí n gbọ́ ọ."

Bellan wo kókó okùn. Kò mira. Ó mọ̀ pé jíjókòó tí òun jókòó lé e ni kò jẹ́ kó mira, kò sẹ́ni tó nílò láti sọ fún un. Ó dìde.

"Ìṣẹ́jú kan péré," ló wí, bóyá fún kókó náà ló ń sọ ọ́.

Ó ṣàlàyé dáadáa. Àwọn àlejò ń mirí, obìnrin kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Nígbà náà ni ẹ̀rọ Naveen fò súnmọ́ afárá, tí oyin sì dìde gbùú, tí wọ́n ṣú bo àpáta. Orin Kandan dákẹ́. Nínú fóònù, Bellan rí ọwọ́ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fa okùn, bí ẹni ń fẹ́ kí ẹni òkè jókòó le. Ó tún fà á.

Bellan sáré. Kókó náà ti ń yí lórí irin. Ó bẹ́ mú ìdí ìtàkùn, ìtàkùn náà sì bó o lọ́wọ́, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá a lọ.

Kandan já sísàlẹ̀ àpáta, ó sì kú kí jíípù tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Kotagiri.

Mánéjà sọ fún ọlọ́pàá pé ìtàkùn wa ni, kókó wa ni, èèyàn wa ló ń ṣọ́ ọ. Àwọn aláṣẹ igbó ti àpáta náà pa. Ọ̀nà kò dé, iná kò dé. Síbẹ̀ kì í ṣe ìyẹn ló pa iṣẹ́ wa. Àwọn àpáta mìíràn ṣì wà. Nígbà tí òdòdó tún tàn, oyin padà wá, olúkúlùkù ọkọ wo arákùnrin ìyàwó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì gbé e láti fi okùn lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Òmíràn ní òun fẹ́ kọ́kọ́ tún ilé ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe di alágbàṣe nínú oko tíì, tí à ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹlòmíràn.

Bellan kò ṣe ìdánwò náà. Oko tíì ni òun náà wà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wólẹ̀ níwájú Maasi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi. Ẹ tiẹ̀ ṣe nǹkan kan."

Maasi ń gbọn ìrẹsì, kò dáwọ́ dúró. "Bí mo bá bú ọ, ṣé á jí?"

"Rárá."

"Bí mo bá lé ọ lọ, ta ló kù fún mi?" Ó da ìrẹsì sínú ìkòkò. "Dìde. Mi ò ní bú ọ. Àmọ́ má béèrè pé kí n dárí jì ọ́. Mo ti wá a nínú ara mi, n kò rí i."

Ó bu oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé títí di òní, wọ́n ń jẹun pọ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀mí èèyàn lé yín lọ́wọ́, ẹ má tìtorí ẹ̀rín ẹgbẹ́ tàbí ìyìn àlejò dìde. Àwọn tó fi Bellan rẹ́rìn-ín ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Kò sí bí Bellan ṣe lè tún jókòó lórí okùn yẹn mọ́.