Omi Tó Gba Ìsàlẹ̀ Jáde

Bàtà ọkùnrin náà ni Oníṣirò, obìnrin tó ń ṣe ìṣirò ní iléeṣẹ́ ìkọ́lé kan, kọ́kọ́ rí, bàtà rọ́bà méjì tí ẹrẹ̀ bò dé orúnkún, tó ń tẹ ilẹ̀ ọ́fíìsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó wà nínú bàtà ga, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ̀ pé òun ti dáràn. Òun ló lọ gbẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí wò, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ó gbé ìwé àbọ̀ rẹ̀ lé orí tábìlì, ó ní ẹ kú iṣẹ́.

"Ẹ ò kúkú gbé gbogbo ilẹ̀ náà wá," ni obìnrin náà dá a lóhùn.

Inú bí i débi pé ojú ewé kìíní nìkan ló kà nínú ìwé náà.

Bàbá Oníṣirò ló ni iléeṣẹ́ ìkọ́lé náà. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni wọ́n fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ amọ̀. Wọ́n ti kó òkìtì yẹ̀pẹ̀ lé e lórí kí omi inú rẹ̀ lè fún jáde, kí ilẹ̀ rì tán kí ilé tó dé. Oníṣirò ni yóò fi kọ̀ǹpútà sọ iye oṣù tí wọn yóò fi dúró. Ó pín amọ̀ náà sí ìpele tín-ín-rín, ó ń ṣírò omi láti ìpele dé ìpele. Ó kánjú, ó ń fo ọjọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni nọ́ńbà bá ń lọ sókè sódò bíi wèrè. Ó pòṣé, ó tún un ṣe, ó ń ka ọjọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oṣù mẹ́rìndínlógún ló bọ́ sí.

Ẹlẹ́rẹ̀, orúkọ tó sọ ọkùnrin náà nìyẹn, kò yé wá. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń mú ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń rì wá, tó ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó ń pè é ní Ìyá Ìṣirò. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi ń wo aago lọ́jọ́ Ẹtì, tí inú ara rẹ̀ sì ń bí i. Ó ti fẹ́ràn rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin, Ẹlẹ́rẹ̀ ní ilẹ̀ ti dúró, kò rì mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ló lọ bá Bàbá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bàbá na ìṣirò ọmọ rẹ̀ sí i. Ó ní inú yàrá ni Ẹlẹ́rẹ̀ jókòó sí tó ń kọ nọ́ńbà, òun kò ní fi ọmọ fún òpùrọ́, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

"Ìwọ náà gbà pé mo purọ́?" ni Ẹlẹ́rẹ̀ bi Oníṣirò.

Obìnrin náà ń wo ìṣirò rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ Bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ ka àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun tó rí kò yàtọ̀ sí èyí tí Ẹlẹ́rẹ̀ kọ. Ó sáré padà, ó ṣí ojú ewé kejì tí kò kà láti oṣù mẹ́rin. Iyanrìn tí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá ló wà lábẹ́ amọ̀ náà. Òun ti kà á sí àpáta, ó dí ìsàlẹ̀ pa, ó ní kí gbogbo omi máa gba òkè nìkan jáde. Ó ṣí ìsàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́rin géérégé.

Ó lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá. Bàbá bi í pé irú ilé ìwé wo lòun rán an lọ, ó pòṣé títí, ó wá ní kó lọ pe ọkùnrin náà padà.

Ẹlẹ́rẹ̀ ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀.

"Bàbá ní kí o wá," ni obìnrin náà wí.

"Ìwọ ńkọ́? O ò tíì dá mi lóhùn."

"O ò purọ́. Èmi ni mi ò ka ìwé àbọ̀ rẹ tán."

"Lọ́jọ́ míì tí ọ̀rọ̀ mi bá yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà rẹ ńkọ́?"

Ó rò ó dáadáa, nítorí kò fẹ́ ṣe ìlérí tí kò ní lè mú ṣẹ. "Màá kọ́kọ́ bínú," ló ní. "Lẹ́yìn náà, màá lọ wò ó fúnra mi."

Ọkùnrin náà gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀.