Bẹ́líìtì Ọ̀gá Má-Ṣojo

Ọkùnrin kan wà tó ní ilé ìlagi. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ayùn ń ké níbẹ̀, eruku igi a sì bo irun àti ìpéǹpéjú gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kì í wọ inú eruku náà. Ẹ̀yìn fèrèsé gíláàsì ló ń jókòó sí, a sì fi ìka kan gbá a bó bá fẹ́ pe èèyàn.

Bí òṣìṣẹ́ bá béèrè ìbọ̀wọ́ tàbí awò ojú, èsì kan ṣoṣo ló ní: "Má ṣojo." Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Ọ̀gá Má-Ṣojo lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn. Akíkanjú ni lóòótọ́, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ìka ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu ayùn.

Má rò pé kèfèrí ni o. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, àmín rẹ̀ a sì máa mi ìjọ. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, a gbàdúrà ààbò lé àwọn òṣìṣẹ́ lórí, a sì lé wọn lọ sídìí ẹ̀rọ tí kò ní ìbòrí. Iṣẹ́ tó yẹ kó fi ìṣó mẹ́rin ṣe, Ọlọ́run ló ń rán.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ òótọ́ fún un: ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a pọ́n ayùn, ẹni tó mọ Olúwa. Ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìbòrí onírin fún bẹ́líìtì tó ń yí ayùn ńlá. Ó gbé e wá, ó ní igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń la igi, ọ̀kankan kò gún òun lójú rí. Ẹ̀yìn ọ́fíìsì ló gbé ìbòrí náà sí, ó ń sá àkísà tó fi ń nu ọkọ̀ lé e.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá tó ń gbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kó eruku igi nídìí ayùn náà. Bẹ́líìtì gbá etí ìró rẹ̀ mú. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́ yángá láti orúnkún lọ sísàlẹ̀.

Kí ni akọni wa ṣe? Ìwé ló kọ. Ó kọ ọ́ pé àìfarabalẹ̀ ìyá náà ló fà á, ó ki ike tàdáwà sápò, ó gba ilé ìwòsàn lọ kí ìyá lè tẹ̀ka sí i.

Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́ ọ̀gá, apọ́nyùn, jókòó ti ìyá náà. Ọ̀gá ka ìwé rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ létí ìyá, ìyá sì gbọ́ ọ dópin. Kò bú u.

Ó ní, "Ọ̀gá, ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo bẹ́líìtì yẹn kí ẹlòmíràn tó gbálẹ̀ níbẹ̀."

Ọ̀gá wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dá ike tàdáwà padà sápò. Ó jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́ọ̀dẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí ara rẹ̀, ohun tó rí sì rí i lára.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a níbẹ̀, ọ̀gá béèrè bóyá Ọlọ́run lè dárí irú eléyìí jini.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní, "Má pè é ní àgbákò. Ìwọ lo ṣe é. Ara àwọn òṣìṣẹ́ rẹ lo fi ń ṣe ààbò fún ara rẹ. Jésù fi ara tirẹ̀ ṣe ààbò fún ọ, bó o ti burú tó yìí. Ronú pìwà dà."

Ọ̀gá fa ìwé náà ya. Ó kúnlẹ̀ lójú àwọn tó ń kọjá. Kò sí àmín aláriwo lọ́jọ́ náà. "Olúwa, èèyàn burúkú ni mí, ṣàánú mi," gbogbo ohun tó rí sọ nìyẹn. Olúwa gbọ́. Lẹ́yìn náà ló padà wọlé, ó sì jẹ́wọ́ fún ìyá náà níwájú àwọn nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀rọ kankan kò yí ní ilé ìlagi náà títí wọ́n fi bo gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n orí igi ìtìlẹ̀ ni ìyá náà ń rìn títí dòní. Ìrònúpìwàdà kì í hu ẹsẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á, o lè má ní ayùn. Ta ló ń wẹ̀ nínú èéfín nítorí rẹ? Ta lo ń rán gun òkè ilé tí ìwọ kò jẹ́ gùn, tí o wá ń gbàdúrà fún un láti ilẹ̀? Má fi orin tan ara rẹ jẹ. Ọlọ́run kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ. Jésù ń pè ọ́ lónìí. Dáhùn nísinsìnyí, má dúró dìgbà tí ara ẹlòmíràn bá fọ́ kí ọkàn rẹ tó fọ́.