Gbogbo Pẹ̀lẹ́ tí Kíá Sọ

Kíá ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ojú kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, Kíá ti ilé ìwé dé. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Màmá Télọ̀ tó kọjú sí ilé wọn. Àjákù aṣọ ló fẹ́ ṣà fún ọmọláńgidi rẹ̀.

Màmá Télọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Kò sẹ́ni lórí àga rẹ̀. Àga ọ̀hún sì máa ń yí po!

Kíá fò sórí rẹ̀.

Kẹ́ṣẹ́!

Kíá dìde. Áà, awò ojú Màmá Télọ̀ ló jókòó lé. Ojú kan ti là. Apá kan ti ṣẹ́.

Àyà Kíá já. Ó dá awò náà padà sórí àga, ó sì lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà.

Màmá Télọ̀ wọlé. Ó jókòó.

Kẹ́ṣẹ́!

"Mo ti jókòó lé awò mi," ni Màmá Télọ̀ wí.

Ẹnu Kíá tí kì í sinmi tẹ́lẹ̀, òun ló pa dé yẹn o.

Kò pẹ́ táwọn aládùúgbò fi gbọ́. Wọ́n wá bá Màmá Télọ̀ kẹ́dùn.

Bàbá Kápẹ́ńtà ní, "Sannu." Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Pole." Bọ̀ọ̀dá Mẹkáníìkì ní, "Ndo." Màmá Kíá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà."

Kíá wà láàárín wọn. Òun náà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"O ṣé, ọmọ mi," ni Màmá Télọ̀ dá a lóhùn.

Ọpẹ́ yẹn dun Kíá gan-an.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Kíá yọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Màmá Télọ̀ fẹ́ ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Kò rí i. Ó tún gbìyànjú. Kò rí i. Ó gbé òwú kalẹ̀.

Kíá rò ó títí. Bóyá pẹ̀lẹ́ tòun ti kéré jù. Bóyá ti èdè mìíràn á tó.

Ó sáré lọ bá Bàbá Kápẹ́ńtà nídìí pákó. Ó béèrè ohun tí sannu jẹ́. Bàbá ní èdè Haúsá ni. Òun làwọn fi ń kí èèyàn. Òun náà làwọn fi ń bá ẹni tí nǹkan dùn kẹ́dùn. Ẹni tó bá sì ń rọra rìn, sannu sannu ló ń rìn.

Kíá sáré padà. "Sannu, mà."

"O ṣé, ọmọ mi."

Lójú Kíá, kò tíì tó.

Ó sáré lọ bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Àǹtí ní èdè Swahili ni pole. Tí èèyàn bá ń ṣàìsàn, pole. Tó bá ṣubú, pole. Àmọ́ pole pole, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn.

Kíá sáré padà. "Pole, mà."

"O ṣé, ọmọ mi. Ìwọ nìkan lo ṣì ń rántí mi."

Yéè. Kíá ì bá wọlẹ̀ lọ.

Ó sáré lọ bá Bọ̀ọ̀dá Mẹkáníìkì. Bọ̀ọ̀dá wà lábẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn. Ẹsẹ̀ náà ní èdè Ígbò ni ndo, ẹni tí ìyà ń jẹ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Lẹ́yìn náà, orí yọ síta.

"Kíá, kí ló dé tó o fi ń wá pẹ̀lẹ́ kiri? Ta lo ṣẹ̀?"

Omi lé ròrò sójú Kíá. Kò sì sáré mọ́. Ó rọra rìn padà.

Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, Màmá Télọ̀ ti da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ń kó òwú sínú páálí. Òwú pupa wọlé. Òwú aró wọlé.

"Mo ti dàgbà jù, ọmọ mi," ni Màmá Télọ̀ wí. "Mo gbé awò kalẹ̀ fúnra mi, mo tún jókòó lé e. Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀."

Kíá di páálí mú.

"Mà, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni mo kọ́kọ́ jókòó lé e. Mo dá a padà kẹ́ ẹ má baà mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Màmá Télọ̀ ò sọ pé o ṣé.

"Ó dùn mí," ló wí. "Bó o ṣe dákẹ́ yẹn ló dùn mí jù."

Kíá bú sẹ́kún. Hì, hì, hì! Màmá Télọ̀ mú aṣọ kékeré kan, ó nu imú rẹ̀. Ó ní orí òun ṣì pé nìyẹn, ayé ò tíì parí.

Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó béèrè bóyá Kíá rí ojú abẹ́rẹ́.

Kíá rí i. Ó fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rọra ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kẹ-kẹ-kẹ-kẹ!

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni awò tuntun máa dé. Kíá máa wá lójoojúmọ́ títí dìgbà yẹn. Inú rẹ̀ dùn, àmọ́ ó ṣì ń dùn ún pé kò tètè sọ ọ́.

Nígbà tí òwú tán, Màmá Télọ̀ ò wulẹ̀ gbìyànjú. Ó pe Kíá.