Ẹsẹ̀ Méjì Lábẹ́ Aṣọ Tó Wà Lórí Ìkọ́

"Lọ́yà ńkọ́? Ojú rẹ̀ ti wọ́n ní kíláàsì."

Tíṣà ló béèrè. Ó gbé ìgúnpá lé káńtà, ó ń retí ṣòkòtò rẹ̀.  Ìyá Lọ́yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tú apẹ̀rẹ̀ wò, ó ń wá ṣòkòtò tó wà lórí ìkọ́ níwájú rẹ̀ gan-an. Bàbá Lọ́yà gbé áyọ́ọ̀nù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan tó ti lọ̀ tẹ́lẹ̀, ooru omi sì tú jáde ṣùù, bí ẹni pé òun ni yóò bá wọn fèsì.

Alágbàfọ̀ ni tọkọtaya náà. Ṣọ́ọ̀bù wọn ló wà níwájú, yàrá méjì tí wọ́n ń gbé wà lẹ́yìn, ẹni tó bá fẹ́ jáde sí títì gbọ́dọ̀ gba àárín ṣọ́ọ̀bù kọjá. Irin gígùn kan dábùú ṣọ́ọ̀bù náà láti ògiri dé ògiri. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ tó ti gbẹ kọ́ sí: kóòtù gígùn, gáùn, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n ti fi ọ̀rá bò.

Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni wọ́n sọ ní Lọ́yà. Láti kékeré ni àríyànjiyàn ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó lọ sùn, á bi wọ́n pé òfin wo ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí oníbàárà bá wá bínú pé aṣọ òun pẹ́, Lọ́yà á ti bọ́ síwájú káńtà, á máa gbẹjọ́ òbí rẹ̀ rò títí oníbàárà á fi rẹ́rìn-ín, tí á ní, "Ó tó o, ẹ ti jàre."

Ẹnu yẹn náà ló wá pa dé. Ó kọ́kọ́ ṣíwọ́ àríyànjiyàn. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí oúnjẹ sọ́tùn-ún sósì nínú àwo láìgbé e sẹ́nu. Oorun kò kùn ún mọ́. Ìwẹ̀ di ogun. Ó kọjú sógiri, kò lọ sí ilé ìwé, bí wọ́n bá sì bi í pé kí ló dé, ohun kan náà ló ń sọ: "Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Bàbá rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Nígbà tó yá, kò sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì sọ nǹkan mìíràn. Ìtìjú ti wọlé tọ̀ wọ́n. Kí ni àdúgbò máa wí? Wọ́n á ní ọmọ alágbàfọ̀ ti ya wèrè. Ìyá Lọ́yà kò lè pe ọ̀rọ̀ yẹn, kódà nínú ọkàn ara rẹ̀.

Ní iṣẹ́ tiwọn, aṣọ tí àbàwọ́n rẹ̀ kò tíì jáde kì í dé orí irin níwájú. Inú ọpọ́n ìfọṣọ lẹ́yìnkùlé ló ń wà kí oníbàárà má bàa rí i, ìgbà tó bá mọ́ tán ni wọ́n ń gbé e síta. Wọn kò jókòó pinnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ṣe sí ọmọ wọn nìyẹn.

Àmọ́ ọmọ náà kì í dúró lẹ́yìn. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ti kún, á yọ́ jáde, á jókòó sórí àpótí kékeré lẹ́yìn aṣọ tó wà lórí irin. Ìyá rẹ̀ á rí i, á sáré lọ síbẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Wọlé! Ṣé o fẹ́ dójú tì wá ni?" Á dìde, á wọlé. Tó bá ṣe díẹ̀, á tún jáde.

"Ibà ló ń ṣe é, sà," ni Ìyá Lọ́yà wá rí sọ fún Tíṣà nígbà tó gbé orí sókè.

Télọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. "Ta ni ibà ń ṣe?"

"Lọ́yà ni," Tíṣà dáhùn.

"Lọ́yà wo? Ṣebí bàbá rẹ̀ sọ fún mi pé ó ti lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà."

Tíṣà wo Ìyá Lọ́yà. Ìyá Lọ́yà wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo áyọ́ọ̀nù.

"Àbí ibà náà ló wọkọ̀ tí ó gbé e lọ ni?" Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tọkọtaya yìí, irọ́ yín ò tiẹ̀ bára mu. Ẹ ò ṣe gbé e wá kí n bá yín rán an pọ̀?"

Ìyá Lọ́yà mọ̀ ọ́n lára bí ojú òun ṣe gbóná. "Ìgbà tí ibà... ìgbà tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ ló lọ."

"Ẹ bá wa kí i," ni Tíṣà sọ, ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó gba ṣòkòtò rẹ̀. Òun àti Télọ̀ jọ jáde, Télọ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín dé ìta.

Ẹnì kan wà tí kò rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kan tó máa ń kó aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì létí ògiri, ojú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ó ń wo ìdí kóòtù gígùn kan tó wà lórí irin. Ẹsẹ̀ méjì wà lábẹ́ rẹ̀, tòun ti ìbọ̀sẹ̀.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, aṣọ yín ti ṣe tán," ni Ìyá Lọ́yà sọ kíákíá.

"Mo ti rí i, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀." Ó dìde, kò sún mọ́ ibi aṣọ jù, ó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. "Lọ́yà, o kú ìjókòó o. Ṣé kí n wá jókòó tì ọ́, àbí kí n dúró níbí?"

Ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn kóòtù náà. "Ẹ dúró níbẹ̀, mà."

"Ó ti dáa." Ó yíjú sí bàbá. "Bàbá Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má lé e wọlé. Ìyá Lọ́yà, ẹ jẹ́ ká rí ara wa lẹ́yìn."

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n lọ, láàárín ọpọ́n ìfọṣọ àti garawa. Nọ́ọ̀sì béèrè nípa oúnjẹ, ó béèrè nípa oorun àti ilé ìwé. Ìyá Lọ́yà ń fèsì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ká ọjà olè mọ́ lọ́wọ́.

"Ṣé ó ti sọ rí pé ayé sú òun, tàbí pé ó wu òun kí òun kú?"

"Rárá o!"

Ó yára jù. Òun náà gbọ́ bó ṣe yára. Ó jókòó lórí garawa kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

"Ó sọ ọ́," ló wí. "Ó ní ó wu òun kí òun sùn kí òun má jí mọ́. Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àǹtí, ojú ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú ọmọ mi."

Ó bú sẹ́kún. Ẹkún náà gan-an, etí aṣọ ló fi dí i mọ́nu, kí oníbàárà má bàa gbọ́ láti ìta.

Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó sunkún díẹ̀. "Ìyá Lọ́yà, àìsàn ni. Bí ara ṣe ń ṣàìsàn ni ọkàn àti ọpọlọ náà ń ṣàìsàn, ọmọdé ò sì yọ sílẹ̀. Ìtọ́jú wà fún un."

"Ṣé èmi kọ́ ni mo fà á? Bóyá mo le mọ́ ọn jù."

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Kì í ṣe ègún, kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ò kọ́ ọ dáadáa."

"A ti gbàdúrà."

"Ẹ máa gbà á lọ. Ilé ìwòsàn ò ní kí ẹ dákẹ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà."

"Ẹ̀rù bà mí láti bi í mọ́. Mo ní tí mo bá dárúkọ ikú, ńṣe ni màá rán an létí."

"Ọ̀pọ̀ òbí ló rò bẹ́ẹ̀, kì í sì í rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kì í gbin èrò yẹn sí ọmọ lọ́kàn. Ńṣe ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan wà tó lè gbọ́ ọ láìsá lọ." Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí pẹpẹ. "Gbogbo oògùn ìfọṣọ yìí, àti oògùn tó wà nínú ilé, àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ tì í, kí kọ́kọ́rọ́ wà lápò yín. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Lónìí yìí la ó sì gbé e lọ."

Nígbà tí wọ́n padà sí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Lọ́yà ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn láti ẹ̀yìn, ó ti mọ̀ pé ilé ìwòsàn yá. Ó wo títì láti ojú fèrèsé. "Ṣé kò ṣe é fi di ìrọ̀lẹ́? Kí èrò dín kù níta."

"Ká ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló dá, Bàbá Lọ́yà, ṣé ẹ ó ní kí èrò dín kù?"

Bàbá Lọ́yà kúrò lójú fèrèsé. Ó fa wáyà áyọ́ọ̀nù yọ lára ògiri. "Ẹ jẹ́ n wá bàtà mi," ló sọ.

Ìyá Lọ́yà mú ìborùn kan wá, ó fẹ́ fi bo ọmọ náà lórí kí wọ́n tó jáde.

"Màmá, ooru ń mú mi," ni Lọ́yà sọ.

Ọwọ́ ìyá rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó ká ìborùn náà, ó sì gbé e sórí káńtà.

Wọ́n jáde. Télọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, àwàdà ti dé ètè rẹ̀. "Ìyá àgbà ti ní kó máa bọ̀ ni..." Ó rí ojú ọmọ náà. Ó rí bí ó ti rù. Ó yọ téèpù lọ́rùn, ó ń ká a mọ́ ọwọ́. "Ẹ máa lọ. Màá bá yín mójú tó ṣọ́ọ̀bù."

Ìyá Lọ́yà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń wò bó ṣe ń dúpẹ́.

Ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ tí dókítà bi Lọ́yà, ìyá rẹ̀ ló ń dá a lóhùn. Oorun ńkọ́? Ìyá dáhùn. Oúnjẹ ńkọ́? Ìyá tún dáhùn. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, mo ti gbọ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tirẹ̀. Tó bá yá, màá ní kí ẹ bọ́ síta kí àwa méjèèjì lè jọ sọ̀rọ̀."

Ó wá kọjú sí ọmọ náà. "Lọ́yà, ṣé o máa ń rò ó pé kí o kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọwọ́ Ìyá Lọ́yà ti gbéra láti tún bò ó lẹ́nu. Ó fi ọwọ́ kejì dì í mú lórí itan rẹ̀, ó dì í mú gírígírí.

"O ṣeun tí o sọ ọ́," ni dókítà wí. "Ṣé ohun kankan wà tó máa ń mú kó fúyẹ́ díẹ̀?"

"Ẹ̀yìn aṣọ."

"Ẹ̀yìn aṣọ bíi ti báwo?" ni bàbá rẹ̀ béèrè.

Lọ́yà kò wò ó. "Tí n bá dá wà ní yàrá, èrò yẹn nìkan ni mò ń gbọ́, ẹ̀rù á sì máa bà mí. Tí mo bá wà lẹ́yìn aṣọ, mo máa ń gbọ́ ohùn èèyàn. Bọ̀dá Télọ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà míì. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń lé mi padà."

 Bàbá Lọ́yà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi ọmọ náà pa mọ́, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ń ṣe é, òun ló ń jáde wá bá wọn lójú gbogbo ayé, àwọn ló ń dá a padà sínú ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Dókítà kò bá wọn wí. Ó ní kí wọ́n dúró sí ilé ìwòsàn títí òun yóò fi rí i pé kò séwu láti padà sílé. Ó ṣàlàyé pé Lọ́yà yóò máa wá bá ẹni tó mọṣẹ́ sọ̀rọ̀, pé ó lè lo oògùn bó bá gba oògùn, pé kì í ṣe ohun tí ọjọ́ kan ń mú kúrò. Bí èrò náà bá tún lágbára, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ àdéhùn, kí wọ́n máa bọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá Lọ́yà sún àga rẹ̀ mọ́ ti ọmọ rẹ̀. Ojú ṣì ń tì í. Ó bi í léèrè síbẹ̀, lójú dókítà, lójú nọ́ọ̀sì: "Sọ fún mi. Báwo ni èrò yẹn ṣe ń rí?" Lọ́yà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ojú lè máa tì yín. Ẹ gbé ìtìjú náà dání, kí ẹ ṣáà máa lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọmọ yín bá yí padà, tí kò jẹun, tí kò sùn, tí ohun tó fẹ́ràn kò wù ú mọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì dúró kó kọjá fúnra rẹ̀. Bó bá ní ayé sú òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹ bi í tààrà, pẹ̀lú sùúrù, bóyá ó ń ronú láti kú. Ẹ kó ohun tó léwu kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹnì kan wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù lọ́jọ́ náà gan-an.

Bó bá sì wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín láìsọ nǹkan kan, ẹ má lé e. Ẹ sún fún un.