Nọ́ńbà Tó Wà Lábẹ́ Fọ́tò

Ọjọ́ tí Adédiwúrà kọ́kọ́ rí Rùfáì, ṣe ni ọkùnrin náà ká ọwọ́ lérí níwájú kọ̀ǹpútà keje, tó ń pariwo, "Mo gbé! Ó tún ti dàrú!" Gbogbo oníbàárà yíjú sí i. Ọdún 2006 ni, nínú káfẹ́ kan ní Kétu, níbi tí Adédiwúrà ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ lo íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

"Iṣẹ́ mi ló kú, Aunty. Ẹ wá wò ó."

Ó wò ó. Wẹ́bùsáìtì tí Rùfáì ń ṣe fún ilé ìwé kan ni. Fọ́tò ọ̀gá ilé ìwé ti gun orí ọ̀rọ̀, orúkọ àwọn tíṣà sì ti ṣubú sísàlẹ̀ pátápátá. Rùfáì ṣàlàyé pé nínú láptọ́ọ̀pù òun, tó ní bùráúsà tuntun, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń ṣí wẹ́bùsáìtì, gbogbo rẹ̀ ló tò dáadáa. Bùráúsà àtijọ́ ló wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó kún káfẹ́ Èkó, ìyẹn ló sì máa ń da iṣẹ́ rú. Nítorí náà, kò jẹ́ gbé iṣẹ́ fún ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wá yẹ̀ ẹ́ wò ní káfẹ́.

"Ẹ̀ ń sanwó kẹ́ ẹ lè wo ibi tí iṣẹ́ yín ti burú?" Adédiwúrà bú sẹ́rìn-ín.

"Ibẹ̀ náà la ti ń tún un ṣe."

Kò pẹ́ tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fi di wákàtí méjì. Adédiwúrà á jókòó tì í, á ní, "Ọkọ kọ̀ǹpútà keje, ṣé o ti jẹun?" Rùfáì, ọmọ ahunṣọ láti Ìsẹ́yìn, á dáhùn pé, "Wúrà mi, tí mo bá ti rí ẹ, ebi ò pa mí mọ́." Irọ́ gbuu! Òun náà ló máa ń jẹ búrẹ́dì ọmọbìnrin náà tán.

Bàbá Adédiwúrà, Daddy Ṣóbọ̀wálé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ràn Rùfáì bí ọmọ. Mummy ni kò gbà kó fẹ́ Adédiwúrà, torí ọmọ mùsùlùmí ni. Daddy ló ń bá wọn bẹ Mummy. Ṣùgbọ́n iyè Daddy ti ń ra. Láàárọ̀ Túsìdeè kan, wọ́n wọ sálúbàtà, wọ́n jáde nílé ní Ìkòsí, wọn ò sì padà.

Wọ́n wá wọn dé Mile 12, wọ́n wá wọn dé àgọ́ ọlọ́pàá. "Rùfáì, ṣe nǹkan," ni Adédiwúrà ń sunkún sọ. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti gbé fọ́tò Daddy sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú orúkọ wọn àti nọ́ńbà Adédiwúrà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ wò ó lórí láptọ́ọ̀pù, ó dáa. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo oníkáfẹ́ tí wọ́n mọ̀. Ìkánjú ò jẹ́ kí Rùfáì dé ìdí kọ̀ǹpútà keje. Áà, ọkùnrin tó ń sanwó yẹ iṣẹ́ ará ìta wò, tara rẹ̀ ló wá gbójú fò!

Odindi ọjọ́ mẹ́jọ, ẹnikẹ́ni ò pè. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọlọ́pàá ló pè. Wọ́n ti rí òkú Daddy lẹ́bàá gọ́tà ní Ọ̀jọ́ta.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Godwin, oníkáfẹ́ kan ní Ọ̀jọ́ta tí ẹnì kan fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí, béèrè ilé títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Adédiwúrà. "Sister, ẹ má bínú. Mo rí Baba yẹn lọ́jọ́ kẹta, mo fún wọn ní búrẹ́dì. Mo wọlé lọ wo íńtánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò wọn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí nọ́ńbà kankan. I search am tire. Kí n tó jáde padà, wọ́n ti lọ."

Adédiwúrà ṣí i lórí kọ̀ǹpútà keje. Fọ́tò bàbá rẹ̀ ti bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Rùfáì wọlé bá a. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ìlà méjì péré ni mi ò kọ sí i fún bùráúsà àtijọ́, Wúrà. Ìlà méjì."

"Jọ̀ọ́, máa lọ."

Ó lọ. Àmọ́ ọ̀dọ̀ Mummy ló gbà lọ, Mummy tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó lè dákẹ́, ta ni ìbá mọ̀? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mummy dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún ni Rùfáì fi ń padà wá, tó ń dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi omi lọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kẹfà, Adédiwúrà jáde wá, ó kúnlẹ̀ tì í níwájú Mummy.

"Mummy, èmi náà jẹ̀bi. Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi jókòó sáàárín kọ̀ǹpútà àtijọ́ méjìlá, mi ò ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè wo ojú Daddy nínú fọ́tò yẹn."

Mummy yíjú sí ojú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, géètì ni wọ́n ń wò.

"Mo ti ra àgádágodo fún géètì yẹn kí Daddy má bàa máa jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n jáde, mo wà nídìí ẹ̀wà, mo ní tó bá ṣe díẹ̀ màá tì í." Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, gbogbo wa la jẹ̀bi, ta ni mo fẹ́ lé jáde?"

Wọ́n yíjú sí Rùfáì.

"Rùfáì, dìde nílẹ̀. Wúrà, lọ bu omi fún ọkọ ẹ."

Adédiwúrà bu omi wá. Rùfáì gba ife náà, ṣùgbọ́n Adédiwúrà kò jọ̀wọ́ rẹ̀, ó bá a dì í mú títí ó fi mu ún tán.